Ṣé Ohùn Ọmọ Ènìyàn Ń Ba Àyíká Jẹ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹjọ́ Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní California

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ẹni pé kò kan èdè wa rárá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó lọ́kàn: àwọn òfin tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ California ṣe nípa ẹjọ́ tí àwọn aládùúgbò máa ń pè láti dá kíkọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé àwọn mẹ̀kúnnù dúró. Ìpínlẹ̀ yìí ni mo ń gbé. Ní ọjọọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ní èdè wa, àti àwọn mìíràn tí wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ràn èdè náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tàbí ẹni tí ń múra láti di akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ibi tí wọn yóò sùn kò lè ṣe àjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. "Àyíká" ni a fi ń túmọ̀ ohun tí òfin náà fẹ́ dáàbò bò. Inú "yí ká" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: ohun tí ó yí ènìyàn ká. Bí mo bá dúró ní àárín agbo ilé wa ní Ìbàdàn, ohun tí ó yí mi ká ni ògiri alámọ̀, igi ọdán, ewúrẹ́, èéfín ààrò, ìró odó, àti ènìyàn. Àwọn ènìyàn ni ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Nínú ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lò ó, kò sí ohun tí ó yọ ọmọ ènìyàn kúrò nínú àyíká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó sọ pé wíwà rẹ̀ lásán ń bà á jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ẹjọ́ náà wá jókòó lé.

Ọdún 1970 ni California ṣe òfin àyíká yìí. California Environmental Quality Act ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n CEQA ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú, ó sì máa ń dún bí "síkúwà" lẹ́nu àwọn ará ibí. Ronald Reagan, tí ó jẹ́ gómìnà nígbà náà kí ó tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, ni ó buwọ́ lù ú. Ohun tí òfin náà pa láṣẹ kò ṣòro láti lóye: kí ìjọba tó ṣe iṣẹ́ kan tàbí kí ó tó fọwọ́ sí i, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe sí ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́, ẹranko àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àdúgbò, kí ó kọ àbọ̀ ìwádìí náà sílẹ̀, kí ó sì fi han aráyé. Ní 1972, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà sọ nínú ẹjọ́ Friends of Mammoth pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin náà dè. Ilé tí aládàáni fẹ́ kọ́ pẹ̀lú wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó bá ti nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba.

Àmọ́ òfin yìí kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ẹjọ́ ni ọlọ́pàá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àbọ̀ ìwádìí kan kò péye, ó lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún un láti pe ẹjọ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde pé wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ náà pẹ̀lú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a pè láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lè jókòó sí kóòtù fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní gbogbo àkókò yẹn, báńkì kì í fẹ́ yá ẹni tí ó ń kọ́lé lówó, owó pákó àti sìmẹ́ńtì ń gòkè, àwọn òṣìṣẹ́ ń wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó pe ẹjọ́ kò fi dandan nílò kí ó jàre. Kí ẹjọ́ ṣáà ti pẹ́.

N kò ní kó iyán òfin yìí kéré o. Àwọn òtòṣì tí ń gbé nítòsí ilé ìfọpo, èbúté ọkọ̀ òkun àti ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá ti fi í gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ èéfín àti ìdọ̀tí. Bí kò bá sí i, ta ni ì bá gbọ́ ohùn wọn? Ohun tí ó ń dùn mí ni pé idà kan náà ni ọlọ́rọ̀ tí kò fẹ́ kí ilé alájà mẹ́fà bo oòrùn ọgbà rẹ̀ ń fà yọ.

Ìlú Berkeley ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Berkeley kì í ṣe orúkọ àjèjì fún ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa Yorùbá. William Bascom, òyìnbó tí ó wá sí Ifẹ̀ ní 1937 láti ṣe ìwádìí, tí ó kọ ìwé ńlá lórí Ifá ní 1969 àti èyí tí ó dá lórí Ẹẹ́rìndínlógún ní 1980, yunifásítì Berkeley ni ó ti ṣiṣẹ́. Òun ni olùdarí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn láti 1957 títí di 1979. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan tí ó ti ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi fún ọdún márùn-ún, sọ fún mi ní òpin 2021 pé òun ti kọ̀wé béèrè fún àyè ní Berkeley àti ní àwọn ibòmíràn, inú mi dùn púpọ̀.

Kò mọ̀ pé ẹjọ́ ti dí ọ̀nà náà. Ní 2005, yunifásítì náà ti ṣe ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó fojú díwọ̀n pé akẹ́kọ̀ọ́ 33,450 ni yóò wà níbẹ̀ ní 2020. Iye tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó fi máa di 2020 ti ju 42,000 lọ. Ẹgbẹ́ aládùúgbò kan tí ń jẹ́ Save Berkeley's Neighborhoods pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n ní àpọ̀jù akẹ́kọ̀ọ́ náà ti mú kí owó ilé gbówó lórí, kí ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, kí ariwo sì gba òru kan. Ní 2021, adájọ́ gbà pẹ̀lú wọn. Ó ní kí iye akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí 42,347, kí wọ́n má ṣe fi ẹyọ kan kún un títí tí wọn yóò fi tún ìwádìí wọn ṣe. Yunifásítì bẹ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ pé kí wọ́n dá àṣẹ náà dúró ná. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Ẹrẹ́nà 2022, adájọ́ mẹ́rin nínú mẹ́fà sọ pé rárá. Yunifásítì kéde pé àyè tí ó ju 2,500 lọ ni àwọn yóò yọ kúrò nínú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ń bọ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ wò ó: ọmọ tí kò tíì gbé ìlú náà rí, tí kò tíì pariwo kankan níbẹ̀, ti di ẹrù tí a fẹ́ gbé kúrò lórí àyíká.

Àwọn aṣòfin kò fi falẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá sí ìdájọ́ náà, ní 14 Oṣù Ẹrẹ́nà, ilé aṣòfin méjèèjì fi ohùn kan ṣòfin SB 118, Gómìnà Gavin Newsom sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin náà sọ pé pípọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i nìkan kì í ṣe "iṣẹ́" lábẹ́ òfin àyíká, àti pé bí kóòtù bá rí àléébù nínú ìwádìí, kí ó fún ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù méjìdínlógún láti tún un ṣe kí ó tó lè ní kí wọ́n dín iye akẹ́kọ̀ọ́ kù. Ọmọ wa rí àyè gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lópin gbogbo rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè ìwé yàtọ̀ sí àyè ibùsùn. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni ó fi sùn lórí tìmùtìmù ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Nígbà tí ó sọ fún mi, mo rántí bí àwa náà ṣe máa ń fún ara wa mọ́ yàrá kan nílé, tí ẹni tí kò ní bẹ́ẹ̀dì ń sùn sórí ẹní lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó ní. Yàtọ̀ sí tiwa, òun ń san owó lórí tìmùtìmù náà.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ "kóòtù" nínú òwe yìí. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, èyí tí ó fi hàn pé òwe náà kò pẹ́ púpọ̀. Àwọn tí ó pa á ti rí kóòtù òyìnbó, wọ́n sì ti fi wé ìjókòó abẹ́ igi níwájú baálẹ̀, níbi tí ète ẹjọ́ ti jẹ́ pé kí àwọn méjèèjì lè tún jọ máa gbé. Ní Berkeley, àwọn tí ó wà nínú ẹjọ́ gbọ́dọ̀ jọ máa gbé ní dandan. Yunifásítì kò lè kó lọ, ilé àwọn aládùúgbò kò ní ẹsẹ̀.

Ẹjọ́ kejì ni ó kan ọ̀rọ̀ ariwo gan-an. Ilẹ̀ kan wà nítòsí yunifásítì náà tí ń jẹ́ People's Park, tí kò tó éékà mẹ́ta. Yunifásítì fi agbára òfin gbà á ní 1967, wọ́n wó àwọn ilé orí rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lásán. Ní 20 Oṣù Igbe 1969, àwọn ará ìlú àti akẹ́kọ̀ọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n gbin òdòdó àti igi, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ní 15 Oṣù Èbìbí, àwọn ọlọ́pàá gba ibẹ̀ padà, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n yìnbọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, James Rector, kú nítorí ọgbẹ́ ìbọn, gómìnà sì kó sójà wọ ìlú. Reagan yìí kan náà ni gómìnà ọ̀hún. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó buwọ́ lu òfin àyíká.

Fún ọdún tí ó lé ní àádọ́ta, ilẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìnílé pàgọ́ síbẹ̀. Ní 2021, yunifásítì pinnu láti kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,100 sórí rẹ̀, àti ilé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí kò nílé lórí tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi ibi tí ó kù sílẹ̀ fún ọgbà. Ẹ má gbàgbé pé nínú gbogbo ẹ̀ka yunifásítì ìjọba náà, Berkeley ni ìpín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń pèsè ilé fún kéré jù. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà ẹjọ́ yìí. Àwọn ẹgbẹ́ méjì, Make UC a Good Neighbor àti ẹgbẹ́ kan tí ń jà fún ìtàn ọgbà náà, pe ẹjọ́. Ní Oṣù Èrèlé 2023, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre. Ó ní yunifásítì kò ṣàlàyé tó ìdí tí kò fi wá ilẹ̀ mìíràn, ó sì tún ní kò wádìí ariwo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa pa, bí àríyá òru.

Mo ka ìdájọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé báwo ni wọn yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí àwa ń pín sí ọ̀nà púpọ̀. "Ìró" ni ohunkóhun tí etí gbọ́. Kò dára, kò burú. "Ohùn" ní ẹni tí ó ni ín. "Igbe" ní ìdí tí ó fi jáde. "Ariwo" nìkan ni ó ń sọ nípa ẹni tí ó ń gbọ́ ju ẹni tí ó ń pa á lọ: ìró tí mi ò fẹ́ ni ariwo. Ìlù dùndún ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìró adùn ni fún ẹni tí wọ́n pè. Ariwo ni fún ẹni tí wọn kò pè tí ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Èyí kì í ṣe àròsọ fún mi. Ní ọdún kan, a ń lo gbọ̀ngàn kékeré kan fún kíláàsì, mo sì máa ń fi dùndún ṣàlàyé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí kò sí olùkọ́ àmì ohùn tí ó dára ju ìlù lọ. Aládùúgbò kan kọ lẹ́tà sí onígbọ̀ngàn pé ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu. Agogo mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ni o. Mo lọ kí i. Àgbà obìnrin ni, ó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ọ̀sán nìkan sì ni ọkọ náà lè rí oorun sùn. A yí àkókò ìlù padà sí òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ó tilẹ̀ wá wò wá lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń ronú pé, ká ní agbẹjọ́rò ni ó kọ lẹ́tà náà, ǹjẹ́ mo lè mọ̀ láé pé ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn?

Ẹ̀rù tí ó bà mí nínú ìdájọ́ 2023 kì í ṣe ti Berkeley nìkan. Bí ohùn àwọn tí yóò gbé inú ilé bá jẹ́ ìbàyíkájẹ́ tí a gbọ́dọ̀ wọ̀n kí a tó kọ́lé, a jẹ́ pé ẹni tí kò fẹ́ irú ènìyàn kan ní àdúgbò rẹ̀ ti rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi bò ó. Lónìí akẹ́kọ̀ọ́, lọ́la ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀, lọ́tùnla àwa tí a máa ń fi àgbàdo sísè àti orin kí ara wa kú ọdún.

Síbẹ̀, àwọn àgbà wa náà mọ̀ pé ẹtọ́ wà fún ẹni tí ó fẹ́ sùn. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yìí gbà pé ìró aládùúgbò lè pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo oògùn tí ó dá: kí a tètè sọ fún un. Kò ní kí a má jẹ́ kí ó kọ́lé.

Òfin tún dé. Ní 7 Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2023, gómìnà buwọ́ lu AB 1307, tí Buffy Wicks gbé wá sílé aṣòfin. Ó sọ ọ́ ní kedere pé, ní ti ilé gbígbé, ariwo tí àwọn onílé àti àlejò wọn ń pa kì í ṣe ohun tí ó ń ba àyíká jẹ́ lábẹ́ òfin náà, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba kò nílò láti wádìí ilẹ̀ mìíràn bí ibi tí ó fẹ́ kọ́lé sí bá kéré tí ó sì wà láàárín ìlú. Ní alẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹténà irin yí ọgbà náà ká, wọ́n tò wọ́n léra bí odi ìlú. Ní 6 Oṣù Òkúdù 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi ohùn kan sọ pé òfin tuntun náà ti pa ẹjọ́ náà. Ní Oṣù Agẹmọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Inú mi dùn sí ilé náà. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ òpè nídìí ọpọ́n ayò ní Oṣù Èrèlé 2023 di ọ̀ta ní Oṣù Òkúdù 2024, kì í sì í ṣe nítorí pé ó ta ayò dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí kò ṣe pé wọ́n yí òfin ayò padà nígbà tí ọmọ ayò ṣì wà lójú ọpọ́n. Yunifásítì ńlá ní ọ̀nà láti bá ilé aṣòfin sọ̀rọ̀. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ fún ilé kékeré tí kò lókìkí? Ní ìlú Livermore, ilé 130 fún àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kéré wọ inú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, títí di òpin 2022 kí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ pé ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níbẹ̀, òfin àtijọ́ kan ṣiṣẹ́ díẹ̀: adájọ́ ní kí àwọn olùpẹ̀jọ́ fi owó ìdógò 500,000 dọ́là sílẹ̀ nítorí ìpalára tí ìdádúró lè fà. Mo fẹ́ràn òfin náà ju gbogbo ìyókù lọ. Kò ti ilẹ̀kùn kóòtù, ó kàn ní kí ẹni tí ó fẹ́ wọlé mọ̀ pé ìdádúró ní iye owó, àti pé ẹnìkan ni ó ń san án.

Àwọn òfin mìíràn ti tẹ̀ lé e. SB 886 ti 2022 yọ àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yunifásítì ìjọba bá kọ́ kúrò lábẹ́ òfin àyíká, bí bẹ́ẹ̀dì inú wọn kò bá ju 4,000 lọ, tí wọ́n bá ti pe ìpàdé ìta gbangba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. AB 1449 ti 2023 ṣe bákan náà fún ilé àwọn mẹ̀kúnnù, títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2033. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó gbòòrò jù dé: AB 130, tí gómìnà buwọ́ lù ní 30 Oṣù Òkúdù 2025. Ó yọ ọ̀pọ̀ ilé gbígbé tí a bá kọ́ sí àlàfo àárín ìlú kúrò lábẹ́ òfin náà, títí dé orí ilẹ̀ éékà ogún, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kàn sí àwọn ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Ìyẹn nìkan mú mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kéré tán, wọ́n rántí pé ilẹ̀ ti wà kí ilé tó wà.

Ọmọbìnrin wa ti kúrò lórí tìmùtìmù. Ó rí yàrá kan tí ó ń pín pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Nínú iṣẹ́ àṣetiléwá kan tí mo fún wọn, mo ní kí wọ́n wá gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà fún ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ tẹni. "Aládùúgbò" ni ọ̀pọ̀ wọn kọ. Ó kọ "alámùúlégbè", ó sì tú u palẹ̀ sí a-ní-à-mú-ilé-gbè, ẹni tí a jọ mú ilé gbe ara wọn. Ó wá kọ ìbéèrè sísàlẹ̀ ìwé rẹ̀: kí ni à ń pe aládùúgbò tí kò tíì dé, tí ilé rẹ̀ kò tíì sí? N kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó gbé e. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ẹ̀ka èdè agbègbè yín, Èkìtì ni tàbí Ìjẹ̀bú, Kétu ni tàbí Àkókó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.